D kan ló dá owó ìyá mi dúró ní Kétu: àgbéyẹ̀wò áàpù ìfowóránṣẹ́ kan

Ìbínú ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti tẹ ìràwọ̀ kan ṣoṣo fún wọn ní àárọ̀ Sátidé yẹn, kí n tó pa á rẹ́. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Kétu ti ilẹ̀ Benin ni wọ́n bí mi sí, ilé wa kò sì jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Láti ọdún 2021 ni mo ti ń fi áàpù yìí fowó ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin lóṣooṣù, òun ló ń mú un dé ọ̀dọ̀ màámi. Kò sí wàhálà kankan látìgbà náà.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, aago 7 kò tíì lù tí ìpè màámi fi wọlé. Ìpá tó ti ń yọ àbúrò mi lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́ ti há. Kò wọlé mọ́, ó ń bì, ikùn rẹ̀ sì le bí pákó. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò sì gbọdọ̀ ṣú kí wọ́n tó ṣe é. Owó oògùn àti ohun èlò tí wọ́n máa kọ́kọ́ san jẹ́ 185,000 séfà. "Kò sí nílé o, ọmọ mi," ni màámi wí. Wọn ò sunkún. Ohùn wọn tó tutù yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

300 yúrò ni mo fi ránṣẹ́. Kí n sọ òtítọ́, ìṣẹ́jú 6 kò pé tí áàpù fi sọ pé owó ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń gbà á ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ni mo bá fi orúkọ màámi sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ń kọ oríkì wọn lórí fóònù lójoojúmọ́ ni mo ṣe kọ ọ́: Ajoke. Kò sí àyè fún àmì, áàpù náà kì í gbà á.

Màámi gun zemidjan, ọ̀kadà tiwa, lọ sí ìsọ̀ ọmọkùnrin tó ń bá áàpù náà sanwó nítòsí ọjà. Kò tíì ṣí, wọ́n dúró dè é. Ó gba nọ́ńbà, ó gba káàdì ìdánimọ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo káàdì. Adjokè ló wà lára káàdì. Ó dá a padà fún wọn, ó ní kò ṣeé san. Mo ní kí màámi gbé fóònù fún un.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ méjèèjì ni kò bára mu."

"Orúkọ kan náà ni! Ọmọ Kétu kọ́ ni ọ́ ni? Ṣé o ò mọ Àjọkẹ́ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ ìyá pàápàá, ọjà kan náà ni àwọn àti ìyá mi ń ná. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ wọ́n. Tí mo bá san án bẹ́ẹ̀, ọrùn mi ni wọ́n máa gbé e kọ́."

Mo bú u. Mo ní kò láàánú. Mo ní bí ohunkóhun bá ṣe àbúrò mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti máa béèrè rẹ̀. Mo sì gé fóònù mọ́ ọn létí.

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ lè rí ohun tó ń bí mi nínú: lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà, ààlà wọn sì la ilẹ̀ Kétu já. Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ọmọ tí wọ́n bá sọ ní Àjọkẹ́ ní Ìmẹ̀kọ, Ajoke ni akọ̀wé á kọ fún un. Tó bá jẹ́ Kétu ni wọ́n bí i sí, akọ̀wé á fi d ṣíwájú j, torí etí Faransé ló fi gbọ́ ọ. Ṣ wa di ch, u wa di ou. Orúkọ ìlú pàápàá, Kétou ni nínú áàpù. Nígbà kan tí mò ń wá ibi ìgbowó lórí máàpù tí mo tẹ Ketu, Èkó ló gbé mi lọ.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù. Ìṣẹ́jú 22 ni mo fi gbọ́ orin. Ọkùnrin kan gbé e, ó ní mo ṣe àṣìṣe nínú orúkọ. Mo ní kì í ṣe àṣìṣe. Ó ní kí n fi fọ́tò káàdì màámi ránṣẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn, kí n fi tèmi náà kún un, àtúnṣe á gba wákàtí 24 sí 48. Mo sọ fún un pé ènìyàn ń kú lọ. Ó ka gbólóhùn ìbánikẹ́dùn kan fún mi. Nígbà tí mo tún sọ ọ́, gbólóhùn yẹn náà ló tún kà, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ìpè kejì já lójijì. Obìnrin ló gbé ẹ̀kẹta, òun fetí sílẹ̀. Ó bi mí léèrè orúkọ àbúrò mi, ó ní òun ti fi ọ̀rọ̀ wa ṣíwájú, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì péré ló ń tún orúkọ ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Mo gbà á gbọ́, inú mi sì tún ru sí i. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé owó kọjá òkun ní ìṣẹ́jú 6 kò ní ẹni kẹta tó lè fi d kan kún orúkọ ìyá ènìyàn!

Aago 10 ti kọjá dáadáa nígbà tí màámi tún pè. Mi ò fẹ́ gbé e. Mo gbé e.

"Wọ́n ti gbé e wọlé fún iṣẹ́ abẹ."

Ọmọkùnrin yẹn ni. Lẹ́yìn gbogbo èébú mi, ó ní kí màámi jókòó. Ó ka 185,000 séfà jáde nínú owó tó fi ń ṣòwò, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, màámi tẹ̀ka sí i. Ó bá wọn pe zemidjan, ó ní kí wọ́n tètè máa lọ, tí orúkọ bá ti tọ́, kí wọ́n padà wá kí àwọn jọ ṣírò rẹ̀.

Èmi náà kò mọ bí ohun tó ṣe yẹn ti wúwo tó títí tó fi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Owó ara rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ fún gbogbo wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń dá a padà fún un. Tó bá san án fún orúkọ tí kò bá káàdì mu, wọn ò ní dá a padà. Tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá sì kúrò nínú àpótí rẹ̀ ní àárọ̀, ó lè má rí owó san fún ẹni tó bá wá ní ọ̀sán. Ó mọ gbogbo èyí nígbà tí mò ń bú u, kò sì fèsì.

Mo pè é ní ọ̀sán, mo bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín kọ́kọ́ dìde," ni gbogbo ohun tó sọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́, mo sunkún.

Àbúrò mi dìde. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tó tún orúkọ ṣe, Mọ́ńdè ni màámi lọ gba 196,787 séfà, wọ́n sì san gbèsè lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ fún un ní 5,000, ó kọ̀ jálẹ̀. Iṣu ni wọ́n padà gbé lọ fún ìyá rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí áàpù yìí. Séfà wa so mọ́ yúrò, 655.957 ni yúrò 1 láti ọdún 1999, kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pariwo pé ọ̀fẹ́ lòun ń bá yín fi ránṣẹ́, tó sì ṣírò rẹ̀ ní 640, ẹ mọ̀ pé ó ti gba tirẹ̀. Lórí 300 yúrò, 4,787 séfà ló fi sápò yẹn. Àwọn tèmi yìí ṣírò rẹ̀ pé gẹ́lẹ́, wọ́n gba 4.50 yúrò, mo sì rí gbogbo rẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tilẹ̀ dá 4.50 náà padà lọ́sẹ̀ kejì láìjẹ́ pé mo béèrè.

Mo fẹ́ máa fi owó sórí fóònù màámi tààrà báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ àbúrò mi ni wọ́n fi gba síìmù wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ ìyá tí mo mọ̀ ní Kétu. Àwọn méjèèjì máa lọ yí i padà tí ara rẹ̀ bá ti le tán. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin tí ilé yín wà lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹ gba fọ́tò káàdì ẹni tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sí, lẹ́tà inú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè kò jọ 4. Méjì péré ni ti ilé-iṣẹ́. Méjì tó kù, ọmọkùnrin yẹn ló ni ín, kò sì sí ibòmíràn nínú áàpù náà tí mo ti lè fún un.