Ṣọ́ọ̀bù Irúgbìn Kan ní Òṣogbo àti Ata Tí Wọ́n Ní Àrùn Kì Í Mú

Ìhà Òkè-Fìà ni ṣọ́ọ̀bù yìí wà, irúgbìn, ajílẹ̀ àti ọmọ ata tó ti tó gbìn sóko sì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọmọ ata rodo àti tàtàṣé wọn dára: igi wọn le, gbòǹgbò wọn funfun, iyẹ̀pẹ̀ inú ike kò sì rin gbingbin. Ohun tí n kò gbà ni àkọlé "Àrùn kì í mú un" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn ike kan, tí wọ́n sì ń tà á ní ìlọ́po méjì owó ìyókù.

Àrùn wo? Inú sẹ́ẹ̀lì ni ata ti ń bá àrùn jà, jíìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àbùdá tí ata jogún, ló sì ní ọ̀tá tirẹ̀ tó dá mọ̀. Jíìnì Bs2, tí wọ́n rí lára Capsicum chacoense, ata ìgbẹ́ kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ń dá bakitéríà Xanthomonas tó ń ba ewé jẹ́ mọ̀. Jíìnì L ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì tábà àti àwọn ìbátan rẹ̀. Bí L bá ti fura sí fáírọ́ọ̀sì yìí, sẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ àti àwọn tó yí i ká á pa ara wọn kí ọ̀tá má bàa rí ọ̀nà lọ, gẹ́gẹ́ bí ará àdúgbò ṣe ń wó ilé tó kángun sí èyí tó ń jó kí iná má bàa ràn. Ohun tí ojú wa yóò rí kò ju àmì gbígbẹ tíntìntín lọ. Ewé náà lè já bọ́, ṣùgbọ́n ewé tuntun á mọ́. Lára ata tí kò ní jíìnì yìí, sẹ́ẹ̀lì kò ní tètè kú: fáírọ́ọ̀sì á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, á gba ojú ihò kéékèèké tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ sẹ́ẹ̀lì kọjá títí yóò fi dé ọ̀mùnú, ewé tuntun á wá di alábàwọ́n, á sì ká kò. (Ooru Òṣogbo náà kò ṣeé fojú fò, nítorí àwọn oríṣi L kan kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ bí ó bá kọjá 30°C.)

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní ọ̀yàyà, ṣùgbọ́n bó ṣe rí àmì gbígbẹ lára ewé ìsàlẹ̀ ló ní, "Ẹ má mú ìyẹn, mà, ó ti kó àrùn." Kò wo ewé tuntun rárá kó tó fà á tu. Èyí tó burú jù ni pé ọwọ́ tó fi fà á tu náà ló fi gbé àwọn tó kù fún mi láìfọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ èèyàn gan-an ni fáírọ́ọ̀sì irú èyí máa ń bá kiri. Mo béèrè bóyá ata olówó gọbọi náà lè dènà PVMV, fáírọ́ọ̀sì tí kòkòrò afàmùmi ara ewé ń gbé kiri, tí L kò sì kàn. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó fi hàn bẹ́ẹ̀ lára páálí irúgbìn tó mú jáde.

Màá ṣì ra ata wọn tí kò ní àkọlé, nítorí ó yẹ lówó tí wọ́n ń tà á. Mi ò ní san àlékún lórí ìkejì títí wọn yóò fi kọ orúkọ àrùn tó ń dènà sára ike. Ẹni tó bá fẹ́ rodo kó tètè lọ láàárọ̀, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ tán.