Mo lọ gba ìmọ̀ràn iṣẹ́ ní Bódìjà: ohun tó tó owó rẹ̀ àti ohun tí kò tó o

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ka owó fún àwọn oníbàárà ní báńkì microfinance kan n'Íbàdàn. HND ni mo ní, àwọn tó dé lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì sì ti kọjá mi lọ. Nígbà tí orúkọ mi kò tún sí lára àwọn tí wọ́n gbéga ní 2024, ẹkún ni mo sun délé. Ẹ̀gbọ́n mi ló júwe olùdámọ̀ràn iṣẹ́ kan fún mi, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì. Ìjókòó mẹ́fà, wákàtí kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦45,000.

Èrò mi ni pé yóò sọ ilé iṣẹ́ tí n ó kọ̀wé sí fún mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, kí lo ṣe níbi iṣẹ́ lánàá?" Mo ní, "Owó ni mo kà, mà." Ó ní kí n rò ó dáadáa. Bí mo ṣe ń rò ó ni ọ̀rọ̀ ń jáde: owó ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò pé, mo jókòó tì í títí a fi rí ibi tó ti ṣì í kọ; ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà wá pariwo pé wọ́n yọ owó òun lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo tọpasẹ̀ owó náà títí tó fi padà sínú àkáǹtì rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bi mí pé, "Èwo ni ọ̀gá rẹ mọ̀ nínú ìwọ̀nyí?" Ẹnu mi wọhò.

Ó ní kí n ra ìwé pélébé kan. Kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ ohun tí mo ṣe, ẹni tí mo ṣe é fún, àti iye owó tó wà nídìí rẹ̀. Bí oṣù bá parí, kí n kó o jọ sójú ewé kan. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sú mi gan-an. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mo rí i nínú ìwé ara mi pé ìgbà mọ́kànlá ni mo ti bá wọn wá owó tí àṣìkọ gbé mì. Ewé yẹn ni mo gbé síwájú ọ̀gá mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, wọ́n gbé mi kúrò nídìí káńtà lọ sí ẹ̀ka tó ń yẹ ìṣirò wò. Owó oṣù mi kò tíì yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mò ń ṣe báyìí.

Òun náà ló yí mi lọ́kàn padà lórí MBA, oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò, tí mo fẹ́ kó gbogbo owó àjọ mi lé. Ó ní ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà, ló máa ṣí ọ̀nà fún mi, HND kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe é. Ìpele mẹ́ta ni: Foundation, Skills àti Professional, oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é. Níbi ìwé kíkà la ti forí gbárí díẹ̀. Ó ní kí n máa jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀. Èmi tí mo ní ọmọ ọmú nílé! Orí ìwé ni mo ń sùn sí. Nígbà tí mo sọ fún un, kò bínú. A jọ wo ọjọ́ mi, a sì mú àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ogójì ìṣẹ́jú, mo ti fóònù pa.

Ti CV ló dùn mí. Wọ́n gba ₦15,000 lọ́tọ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, orúkọ ilé ìwé ẹlòmíì sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ká ní mo ti fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ó bẹ̀ mí, ó dá ìdajì owó padà. Lójú tèmi, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó dá padà. Ẹ gba ìjókòó rẹ̀, ẹ má gba CV. Inú ìwé pélébé yẹn ni mo ti fọwọ́ ara mi kọ tèmi. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ rárá kò sì ní rí púpọ̀ gbà lọ́dọ̀ rẹ̀, torí iṣẹ́ téèyàn ń ṣe lọ́wọ́ ni gbogbo ìbéèrè rẹ̀ dá lé.

Ìjókòó kan ṣì kù fún mi. Mo ní kó bá mi fi í pamọ́ di ìgbà tí èsì ìdánwò mi bá jáde, ó sì gbà.