Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mi tí wọ́n tún ṣe ní Gáà Àkànbí

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Porsche 356 ló ti ń wù mí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan, owó ilé ni. Èyí tó kù láyé kò pọ̀ mọ́, àwọn olówó sì ń dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ gan-an, Volkswagen Ìjàpá ní in: lára ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ni wọ́n ti mú ti 356 jáde ní 1948. Sìlíńdà mẹ́rin (ihò tí písítìn ti ń lọ tó ń bọ̀) tó dùbúlẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Atẹ́gùn ló ń tù ú, kò sí rédíétọ̀ rárá!

Mo gbé tèmi lọ bá Alfa kan tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Gáà Àkànbí, ní Ìlọrin. Wọ́n tú u palẹ̀ lójú mi, wọ́n fi ibi tí písítìn ti ha sìlíńdà hàn mí. Alfa ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ayédèrú ríǹgì písítìn fún yín o." ₦400,000 ni gbogbo rẹ̀. Ó wọ́n, ó sì pẹ́ kí páàtì tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí! Mo wà á gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ọ̀fà nínú oòrùn ọ̀sán, kò gbóná sódì, kò jo ọ́ìlì. Ẹni tó bá ní Ìjàpá, kó gbé e lọ bá wọn.