Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 àbí gálọ́ọ̀nù lítà 4: èwo ni kí ẹ rà fún ọkọ̀ kan?

Tí ẹ bá ṣírò owó lítà kọ̀ọ̀kan, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì inú kẹ́ẹ̀gì dínwó ju ti gálọ́ọ̀nù lọ. Òótọ́ ni. Ohun tó mú mi ra kẹ́ẹ̀gì ní Ládípọ̀ nìyẹn, mo gbé e wá sí Bàrígà, inú mi dùn pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ọ́ìlì rírà fún ìgbà díẹ̀.

Ìṣirò tí mi ò ṣe lọ́jọ́ náà rèé. Corolla 2010 mi ń gba lítà 4.2 tí a bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo sì ń ṣe sáfíìsì. Ti jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA mi tó bíi lítà 0.6. Kẹ́ẹ̀gì kan á lò ju ọdún kan lọ nílé kó tó tán. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ́ìlì ló fún èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì já síìlì rẹ̀ ní bí ọdún 5, tí oòrùn àti òjò ò bá dé ibi tó wà. Ọjọ́ tí ẹ bá já síìlì, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: ẹ gbìyànjú kí ó tán kí ọdún kan tó pé.

Ẹ̀yìn kíṣìnnì ni mo gbé tèmi sí, lábẹ́ páànù tó yọ síta. Lọ́sàn-án, ooru á mú kí afẹ́fẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì wú, á wá ọ̀nà jáde lẹ́nu ìdérí. Tí alẹ́ bá tutù, kẹ́ẹ̀gì á tún fa afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún omi. Òjò ló wá burú jù. Orí kẹ́ẹ̀gì ní kòtò díẹ̀ yí ìdérí ká, omi tí ìjì fẹ́ wọlé dúró síbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ń fà á mu díẹ̀díẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló lọ jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí sáfíìsì àkọ́kọ́ fi dára, tí ìkejì dára, tí ìkẹta náà dára.

Lẹ́yìn ìkẹrin, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, mẹkáníìkì mi fa gééjì (irin tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kún tó) yọ, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wá wò ó.” Ọ́ìlì ti dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tí kì í jẹ́ kí omi rẹdiétọ̀ wọnú ọ́ìlì, ni mẹkáníìkì èyíkéyìí máa kọ́kọ́ dárúkọ, òun náà sì dárúkọ rẹ̀. A tú tọ́ọ̀pù síléńdà, mo ra gáskẹ́ẹ̀tì, mo san owó iṣẹ́, mo fi ọjọ́ mẹ́rin wọ dáńfó lọ sí Yábàá. Ó wá da ọ́ìlì tuntun sí i, láti inú kẹ́ẹ̀gì yẹn kan náà! Lọ́jọ́ kẹta, tíì oní-mílíìkì tún ti dé. Bẹ́ẹ̀, omi rẹdiétọ̀ ò dín rárá, ohun tó yẹ ká ti kọ́kọ́ wò nìyẹn. Mẹkáníìkì wá kán èyí tó kù ní ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sórí irin gbígbóná, ó ń ta pàrà-pàrà bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo àkàrà. Ọ́ìlì tí kò lómi, èéfín lásán ló máa rú.

Gálọ́ọ̀nù lítà 4 kan àti ike lítà 1 kan ni mo ń rà báyìí. Ọkọ̀ mu tiẹ̀, jẹnẹrétọ̀ mu tiẹ̀, torí ọ́ìlì 10W-30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) kan náà ni mo ń lò fún méjèèjì. Ìwọ̀nba tó kù ò kún kọ́ọ̀bù kan. Mo dé e pinpin, mo kọ ọjọ́ sí i lára, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá títí gééjì á fi lọ sílẹ̀.

Ayédèrú wà nínú kẹ́ẹ̀gì àti gálọ́ọ̀nù. Ẹ wo síìlì, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí ẹ sì dá gálọ́ọ̀nù òfìfo lu kí ẹ tó sọ ọ́ nù, torí àwọn kan ń ṣà á láti rọ ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, èyí tí wọ́n ti lò, sí i. Tí ẹ bá rí SF, àmì ìpele ọ́ìlì àtijọ́, lára rẹ̀, ẹ gbé e padà fún wọn: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe títí di 1988 ló wà fún.

Ti inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń wọ̀n tà létí títì, ẹ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ẹ ò mọ iye òjò tó ti pa á. Mi ò rà á.

Kẹ́ẹ̀gì dára fún ẹni tó ní dáńfó, tàbí ọkọ̀ mẹ́ta, tó ń lò ó tán láàárín oṣù mélòó kan, tó sì ní yàrá gbígbẹ tó lè gbé e sí. Ó tún dára bí ẹ̀yin àti aládùúgbò méjì bá pín in sínú ike gbígbẹ lọ́jọ́ tí ẹ rà á gan-an. Bó bá sì ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀, kí sáfíìsì tó ń bọ̀ tó dé, ẹ fi rọ́bà fa díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ kedere, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá rí bàìbàì bí omi ògì, tàbí tí omi pín sábẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan ẹ́ńjìnnì.