Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ajá l'Abẹ́òkúta: "Ajá Pánṣẹ́kẹ́" àbí "Tanímọ̀la"?

Ẹni tó fẹ́ máa ta ọmọ ajá àti oúnjẹ ajá lè fi ọjà àti àdúgbò sọ ṣọ́ọ̀bù, bíi "Ajá Pánṣẹ́kẹ́". Ó sì lè mú orúkọ òwe tí àwọn àgbà ń sọ ajá, bíi "Tanímọ̀la".

Ti àkọ́kọ́ rọrùn: ọlọ́kadà á gbé oníbàárà débẹ̀ láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ bí owó ilé bá lé yín dé Ọbáńtókò, orúkọ di irọ́. Ẹ tún wo pátákó: ẹni tó ń kọ ọ́ kì í sábà fi àmì ohùn sí i. AJA lásán ló máa wà níbẹ̀, ẹlòmíì á kà á sí àjà ilé, á wá béèrè pákó. Bí ẹ bá fi ológbò kún ọjà lọ́la ńkọ́?

"Tanímọ̀la" ò há yín mọ́ ibì kan. Lẹ́tà 8 péré ni, bí àmì ohùn ò tiẹ̀ sí, kò ní ṣi Yorùbá kankan lọ́nà. Òun ni mo fara mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ ohun tí ẹ ń tà, nítorí náà ẹ ya orí ajá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ "oúnjẹ ajá àti ológbò" sísàlẹ̀. Àwọn èèyàn sì ń jẹ́ Tanímọ̀la, ẹlòmíì lè ti fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá a lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ tó sanwó pátákó. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń bá yín pa á mọ́. Ẹ parí ìforúkọsílẹ̀ kó tó pé.