Àtẹ Ìwé Àlòkù ní Àgbowó, Níbi Tí Mo Ti Pàdé Dido àti Callirhoe

Àtẹ ìwé àlòkù kan wà ní Àgbowó, ní ọ̀kánkán Yunifásítì Ìbàdàn, tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn àtijọ́ yà sí. Níbẹ̀ ni mo ti rí Aeneid, ewì Látìn tí Virgil kò tíì parí nígbà tó kú ní ọdún 19 ṣáájú ìbí Jésù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Callirhoe, ìtàn àròsọ Gíríìkì tí Chariton kọ. Nínú Aeneid, Dido, opó tó ti búra pé òun kò ní fẹ́ ọkọ mìíràn, fọ̀rọ̀ lọ Anna arábìnrin rẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ Aeneas, akọni ewì náà, wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nínú ìwé Chariton, Callirhoe, tí wọ́n tà lẹ́rú sí ìlú Miletus, náà fọ̀rọ̀ lọ Plangon ìránṣẹ́bìnrin nígbà tó mọ̀ pé òun ti lóyún ọkọ òun, kó tó gbà láti fẹ́ Dionysius, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn méjèèjì jọra, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń jiyàn bóyá Chariton ka ewì Látìn, ṣùgbọ́n ní Aphrodisias, ìlú rẹ̀, wọ́n gbẹ́ Aeneas tó ń sá kúrò ní ìlú Troy sára òkúta, ìyẹn sì tó láti mú mi gbà pé ó mọ ìtàn náà. Ojú ìwé mẹ́rin ti já kúrò nínú Aeneid tí mo rà; bàbá olùtajà fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí, ó sì dín owó rẹ̀ kù kí n tó sọ̀rọ̀.