Iná ọ́ìlì ò kú lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ fítà nílé: kí ni kí ẹ rà, kí ni kí ẹ má tíì rà?

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà fúnra yín, ẹ ṣíná ọkọ̀, iná pupa ọ́ìlì kò kú. Ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bi léèrè ní Aráròmí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Agodi Gate, n'Ìbàdàn, lè ní páńpù ọ́ìlì ló ti lọ. Ẹnì kejì á ní sẹ́ńsọ̀ ni, ìyẹn ohun tó ń tan iná náà. Mi ò ní irọ́ ni wọ́n ń pa, àmọ́ bí iná yẹn bá ń kú dáadáa lánàá, ohun tí ẹ fọwọ́ kàn lónìí la ó kọ́kọ́ fura sí.

Kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ lápò, ẹ pa ẹ́ńjìnì náà ná. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni fítà tuntun fi ń kún. Tí iná pupa yẹn ò bá kú lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnì náà kó sáré. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ tú fítà, kí ẹ wò bóyá rọ́bà fítà àtijọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Rọ́bà méjì tó gun ara wọn kì í di ọ́ìlì mú.

Fítà mẹ́ta lórí káńtà

Ẹ ó rí ojúlówó tó ní àmì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ ó rí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tó lórúkọ, ẹ ó sì rí olówó pọ́ọ́kú tí kò lórúkọ. Lókèèrè, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ dojú wọn sókè, kí ẹ fi igi tín-ín-rín kan rọ́bà tó wà lábẹ́ àwọn ihò kéékèèké tó yí ihò ńlá ká. Rọ́bà yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀ tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì. Tó bá le gbagidi, fítà á ṣófo mọ́jú. Láàárọ̀, iná á pẹ́ kó tó kú, ẹ́ńjìnì á sì máa dún kókókó. Tí fítà yín bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an; tí ẹnu rẹ̀ bá kọjú sókè, kò le tó bẹ́ẹ̀. Rọ́bà sílíkónì, tó sábà máa ń pupa, ń fara da ooru ju dúdú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sára agolo, ṣé kò lè pa rọ́bà láró ni?

Sípíríǹgì kékeré kan tún wà nínú ọ̀pọ̀ fítà, òun ló ń ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì tí bébà inú rẹ̀ bá dí. Ẹ ò lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa láti ìta, ibẹ̀ sì ni aláìlórúkọ ti ń dín owó kù. Tí kò bá ṣí lásìkò, ọ́ìlì tó ń dé inú ẹ́ńjìnì á dín, prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì, á sì wálẹ̀. Mi ò ní ra fítà aláìlórúkọ, kódà fún ọkọ̀ tí mo fẹ́ tà.

Nínú méjì tó kù, mo fara mọ́ ti ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ, torí ojúlówó ọkọ̀ tó pọ̀ nígboro ni àwọn aláyédèrú fẹ́ràn láti ṣe.

Ẹ̀yin oní-Corolla, ẹ fetí sí èyí: ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE, ti 2003 sí 2008, fítà onígolo ló ń lò. 2ZR-FE tó dé lẹ́yìn rẹ̀, bébà lásán ni, tó ń wọ inú ilé tirẹ̀. Rọ́bà róbótó gbọ́dọ̀ wà nínú páálí bébà náà. Tí kò bá sí, ẹ dá a padà. Nm 25 (ìwọ̀n bí a ṣe ń dè é le tó, sípánà tó ń wọn agbára ló ń sọ ọ́) ni ọmọrí ilé rẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe agbára apá.

Sẹ́ńsọ̀ tàbí aago?

Sẹ́ńsọ̀ kò wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré tà á. Ohun tó mọ̀ ò ju "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ. Aago prẹ́ṣọ̀ tí a ń dè síbi tí sẹ́ńsọ̀ ti jáde ló ń sọ iye. Tí mọ́kánííkì yín bá ní in, ẹ yá a. Tí kò bá ní in, ẹ rà á ṣáájú sẹ́ńsọ̀. Lórí 1ZZ-FE tó ti gbóná, psi 4.3 (psi ni a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀) tó fún ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ní ìyípo ẹ́ńjìnì 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ó yẹ kó wà láàárín psi 43 sí 78. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù iye kékeré àkọ́kọ́ yẹn lásán.

Tí aago bá dáa tí iná ò kú, ẹ wo wáyà kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀. Sẹ́ńsọ̀ sábà máa ń sún mọ́ fítà, ọwọ́ yín sì lè ti fa wáyà rẹ̀. Wáyà tó bó tó kan irin á mú iná dúró gbọnyin.

Tí aago bá wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fi fítà gidi sí i, ọ́ìlì ló kàn: ayédèrú á ṣàn bí omi tó bá ti gbóná. Ẹ ra irú tí ìwé ọkọ̀ yín dárúkọ, nínú gálọ́ọ̀nù tí èdìdì rẹ̀ ò tíì já.

Páńpù ló kẹ́yìn, torí iwájú ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE ni wọ́n ó tú láti dé ìdí rẹ̀. Mo gba tòkunbọ̀ tí eyín rẹ̀ ò jẹ ju tuntun aláìlórúkọ lọ. Ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣe àdéhùn ìdápadà kí ẹ tó sanwó, kó sì kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì.